Ilẹ̀ Ògẹ́rẹ́ Kò Ní Kí A Fá Òun Lórí

Nígbà tí àwọn bàbá wa bá ń ki ilẹ̀, wọn a máa pè é ní Ògẹ́rẹ́ a-fi-ọkọ́-yẹrí, alápò ìkà. Nínú oríkì kúkúrú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá ẹ̀rí pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a máa ro òun, pé ìdọ̀tí ni igbó tí ó bo ara rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá fi àdá àti iná àti katapílà kó gbogbo ohun tí ó hù kúrò lórí rẹ̀ ti ṣe ojúṣe ọmọ fún ìyá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olóṣèlú, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé tí ó yẹ kí ó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tẹ́tí sí oríkì náà yóò rí i pé yíyẹ orí ni àwọn àgbà wí, wọn kò wí fífá. Ìyá tí ó fi ọmọ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ tí ó ń fi òòyà ya irun rẹ̀ mọ ibi tí irun náà ti ta kókó, ó mọ ibi tí egbò wà lábẹ́ rẹ̀, ó mọ èyí tí yóò tú àti èyí tí yóò dì. Ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́ kò ní láti mọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí.

Èrò tí mo dojú kọ kì í ṣe èrò àwọn òmùgọ̀, ó sì tọ́ kí n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ bí àwọn tí ó ni ín yóò ti gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní koríko ni iṣẹ́ ilẹ̀ ìjẹko tí a gbà lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ onílẹ̀ fún màlúù àti àgùntàn. Pé igi kéékèèké àti ìgbẹ́ tí ó bá hù sí i ń gba oòrùn àti omi mọ́ koríko lẹ́nu. Pé ọ̀lẹ ni ayálẹ̀ tí kò bá ṣán an, àti pé èyí tí ó bá ṣán an mọ́ kanlẹ̀ ti bù kún ọlá ilẹ̀ náà fún ẹni tí ó ni ín. Àti pé òfin èyíkéyìí tí ó bá dá àáké ayálẹ̀ dúró nítorí igi ìbílẹ̀, ewé ni ó ń dáàbò bò, ènìyàn ni ó ń fi ebi pa. Bí wọ́n ti ń wí nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọlé dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà tí àwọn gómìnà ìhà gúúsù ti péjọ sí Asaba ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, tí wọ́n fẹnu kò pé kí dída ẹran kiri inú ìgbẹ́ dópin, àti láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ní ọdún 2024, ó ti di ohun tí à ń gbọ́ nílé àti lóko pé kí a yá àwọn ẹlẹ́ran ní ilẹ̀, kí wọ́n fi wáyà yí i ká, kí wọ́n ro igbó rẹ̀ tán pátápátá, kí wọ́n sì gbin koríko sí i bí àwọn òyìnbó Ọsirélíà ti ṣe.

Bí àwọn òyìnbó Ọsirélíà ti ṣe: gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ gbà mú. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n bí ará yòókù kò bá yẹ kòtò náà wò, tí ó jẹ́ pé aṣọ tí ẹni náà wọ̀ lọ sínú rẹ̀ nìkan ni ó rí, kí ni yóò rí kọ́?

Ní ìpínlẹ̀ Queensland, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ọsirélíà, ti ìjọba ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ìjẹko; àwọn ẹlẹ́ran ń gbà á lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń san owó ilẹ̀, ìwé àdéhùn sì wà láàárín àwọn àti ìjọba. Lórí ilẹ̀ amọ̀ tí ó wúwo ní àárín ìpínlẹ̀ yìí títí lọ dé gúúsù, igi kan wà tí wọ́n ń pè ní brigalow, ìbátan igi ṣittimu tí Bíbélì wí pé a fi kan àpótí ẹ̀rí. Èèpo rẹ̀ dúdú, ó sì le, ewé rẹ̀ sì ní àwọ̀ fàdákà tí èéfín ti bà. Ó máa ń hù pọ̀ ní ṣùùrù débi pé ẹṣin kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá láìfara gbọgbẹ́. Abẹ́ rẹ̀ kún fún àwọn kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń gba omi òjò dúró. Leichhardt, ọmọ Jámánì tí ó la ilẹ̀ náà kọjá ní ọdún 1844 sí 1845, bá igbó brigalow wọ̀yá ìjà, nítorí màlúù rẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà wá ni àwọn òyìnbó ti ń wo igi yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Kò sì yà mí lẹ́nu: ibi tí ènìyàn bá ti rí ìyà, kì í tètè rí ọgbọ́n níbẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 1962, ìjọba Queensland ṣe òfin ìdàgbàsókè ilẹ̀ brigalow, ìjọba àpapọ̀ wọn sì yá wọn lówó sí i. Wọ́n gé ilẹ̀ tí odò Fitzroy àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń fa omi rẹ̀ sí oko ńláńlá, wọ́n dìbò lé wọn, ẹni tí ìbò bá sì mú gba ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ó sọ fún un pé kí ó ṣán igbó ibẹ̀ láàárín iye ọdún tí a dá fún un. Ẹ kíyè sí i: ìjọba kò wulẹ̀ gba ayálẹ̀ láàyè láti gé igi, ó fi gígé rẹ̀ ṣe májẹ̀mú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé katapílà méjì yóò máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú àyè gbọọrọ láàárín wọn, ṣéènì ńlá irú èyí tí a fi ń so ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun yóò wà láàárín méjèèjì, gbogbo ohun tí ó bá sì wà ní ọ̀nà ṣéènì náà, igi ńlá, igi kékeré, ìtẹ́ ẹyẹ, ihò ẹranko, yóò wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn yóò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, wọn yóò kùn ún níná, ọkọ̀ òfúrufú yóò sì wá fọ́n irúgbìn koríko sórí eérú tí ó ṣì gbóná. Koríko wo? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ koríko ilẹ̀ Áfíríkà, buffel àti Rhodes, tí wọ́n gbé sọdá òkun. Nínú ètò yìí nìkan, ilẹ̀ tí wọ́n ro tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 4.5. Lónìí, nínú gbogbo igbó brigalow tí ó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, èyí tí ó ṣẹ́ kù kò pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, òfin Ọsirélíà sì ti kà á mọ́ àwọn ohun tí ó wà nínú ewu ìparun láti ọdún 2001.

Kí ni ilẹ̀ fi san án fún wọn? Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ dùn mọ́ wọn nínú, n kò ní purọ́. Ilẹ̀ brigalow lọ́ràá. Igi náà ti ń kó oúnjẹ pa mọ́ sínú ilẹ̀ láti ayébáyé, nígbà tí wọ́n sì wó o, gbogbo oúnjẹ náà bọ́ sí ẹnu koríko lójijì, koríko ga, màlúù sanra, àwọn tí ó ti ń gbé inú àgọ́ sì kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ogún ni wọ́n ń ná, wọ́n rò pé owó oṣù ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, koríko náà bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín, nítorí ẹni tí ń kó oúnjẹ sí ilẹ̀ fún un ti kú. Èyí tí ó sì burú jù lójú àwọn ẹlẹ́ran ni pé igi náà gan-an kò kú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ ni í fi rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni brigalow, láti ara gbòǹgbò rẹ̀ tí ṣéènì fà ya ni ó ti ń ta èhù, ibi tí igi kan ti dúró tẹ́lẹ̀, àìmọye ọmọ igi ni yóò jáde, wọn yóò sì há mọ́ra ju bí àwọn ìyá wọn ti há lọ. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfúrufú wọ́n oògùn 2,4,5-T lé e lórí, oògùn kan náà tí ó jẹ́ ìdajì nínú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà wọ́n sí igbó Vietnam nígbà ogun. Àwọn ẹlẹ́ran tí ń kígbe lónìí pé igbó ń gba ilẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́, apá tí ó pọ̀ nínú igbó tí wọ́n ń sọ ni ọmọ tí ṣéènì bàbá wọn bí. Mo ń sọ èyí láìfi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìyà náà ń jẹ wọ́n ní tòótọ́.

Omi náà tún wà. Ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ ìjọba yan ilẹ̀ mẹ́ta tí ó fara jọra nítòsí ìlú Theodore, wọ́n ń wọn òjò tí ń rọ̀ sí wọn àti omi tí ń ṣàn kúrò lórí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi kan. Ní ọdún 1982 wọ́n ro méjì nínú wọn, wọ́n fi ọ̀kan ṣe oko ọkà, wọ́n fi ọ̀kan ṣe pápá màlúù, wọ́n sì fi ìkẹta sílẹ̀ fún brigalow. Omi tí ń ṣàn kúrò lórí àwọn méjì tí wọ́n ro di ìlọ́po méjì èyí tí ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ẹnu lọ, nítorí àwọn tí ó ṣe é ní sùúrù ọdún mẹ́tàdínlógún kí wọ́n tó gé igi, kí ẹnikẹ́ni má baà lè wí pé òjò ni ó yí padà. Igi tí wọ́n ní ó ń mu omi koríko ni ó ń dá omi náà dúró sórí ilẹ̀. Omi tí kò rí ẹni dá a dúró ń kó iyẹ̀pẹ̀ dání lọ sínú odò Fitzroy, Fitzroy sì ń gbé e lọ sínú òkun, níbi tí òkúta iyùn ńlá tí gbogbo ayé ń lọ wò wà. Oko màlúù kan ní àárín ilẹ̀ gbígbẹ, ẹja inú òkun ni ó ń gba ìjìyà rẹ̀.

Àwọn alátakò mi yóò wí pé mo ti sọ ohun tí ṣéènì bàjẹ́, pé n kò tíì sọ ohun tí a ó ṣe sí igbó tí ń gbilẹ̀. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Igbó a máa gbilẹ̀ lóòótọ́. Níbi tí ẹran bá ti jẹ koríko kanlẹ̀ tí iná kò sì rí ohun jó mọ́, igi kéékèèké a máa dìde ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn igbó kan sì wà tí a kò gbọdọ̀ fojú àánú wò rárá. Ṣé ẹ mọ ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tí èso rẹ̀ pupa? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wọ Ọsirélíà, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1925, ó ti bo nǹkan bíi hẹ́kítà mílíọ̀nù 24 ní Queensland àti New South Wales, débi pé ènìyàn a máa kó ẹrù kúrò nínú ilé fún un. Àdá kò ràn án, iná kò ràn án, májèlé kò ràn án. Ní ọdún 1926, wọ́n tú kòkòrò kékeré kan tí wọ́n mú láti Argentina sílẹ̀, ìdin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ inú ọrọ́ náà, kí ọdún mẹ́wàá tó pé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti jẹrà sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ìlú Boonarga sì kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé kan ní ọdún 1936, wọ́n fi orúkọ kòkòrò náà sọ ọ́. Mo fẹ́ràn gbọ̀ngàn náà. Kòkòrò tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé yìí mọ ẹni tí a rán an sí; ọrọ́ ni ó jẹ, kò yà sí ọ̀dọ̀ brigalow, kò yà sí ọ̀dọ̀ igi mìíràn kankan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ṣéènì kò mọ orúkọ ẹnì kankan.

Níbẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi wà: igbó kì í ṣe ọ̀kan. Èrò tí ó gbilẹ̀ ń pe gbogbo ohun tí kì í ṣe koríko ní igbó, ó sì ń fi orúkọ kan ṣoṣo yìí dá ọmọ onílé àti olè lẹ́jọ́ pọ̀. Ìtàn kan sì wà tí ó yẹ kí ó mú àwọn tí ń gbà á gbọ́ ronú. Ní ọdún 1926 yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn Queensland gba àwọn ẹlẹ́ran níyànjú pé kí wọ́n gbin igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Hausa ń pè ní bàgàrùwá, èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ pọn awọ ní Kano, kí àgùntàn lè rí ibòji ní pápá tí ó ṣófo. Pápá náà kò ní igi ibòji tirẹ̀, wọ́n lọ wá ti ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di ọdún 1957, wọ́n ti ka bàgàrùwá sí ọ̀tá tí òfin ń lé kiri, ó sì ti di igbó ẹ̀gún lórí pápá tí kò ní igi tẹ́lẹ̀. Àwa náà kò ṣàì mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ewé Akíntọ́lá tí ó gba oko wa kan, nínú èso igi mẹ́línà tí wọ́n kó wá láti Ceylon ni ó ti bá wa wọlé ní nǹkan bí ọdún 1937, kò sì sí ibi tí ó fẹ́ràn tó ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro tí a kò bò. Màlúù kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá fi katapílà ro hẹ́kítà ẹgbẹ̀rún kan ní Òkè Ògùn nítorí koríko, kí ó tó rí koríko gbìn, Akíntọ́lá yóò ti jókòó.

Ẹ̀sùn kejì tí àwọn ẹlẹ́ran Queensland ń fi kan òfin tí ó dá àáké wọn dúró wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì rí ẹnikẹ́ni tí ó dáhùn rẹ̀ tán. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ni ẹ sọ fún bàbá wa pé bí kò bá gé igi, ẹ ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin kan náà ni ẹ wá ń sọ fún àwa ọmọ rẹ̀ pé bí a bá gé e, ẹ ó mú wa lọ sí ilé ẹjọ́.” Òótọ́ ni. Òfin ìtọ́jú igbó ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 1999 kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, láàárín àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbé ṣéènì jáde lọ́sàn-án àti lóru, tí ilẹ̀ tí wọ́n ro lọ́dún kan náà fi lé ní hẹ́kítà 700,000. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un ṣáájú ọjọ́, ìtẹ́ ni ó kọ́kọ́ fọ́. Òfin ọdún 2004 fi òpin ọdún 2006 ṣe gbèdéke fún ríro igbó àtayébáyé ní ràgàjì, ìjọba sì ya dọ́là mílíọ̀nù 150 sọ́tọ̀ láti fi ran àwọn tí ó kàn lọ́wọ́. Ní 2013 ìjọba mìíràn tú okùn náà, ní 2018 òmíràn tún un dì. Bí a bá ń fi ilé ayé ènìyàn ṣe eré ayò báyìí, ta ni yóò gbin igi tí yóò dúró dè é? Mo gbà pé ẹlẹ́ran tí ó bínú ní ìdí láti bínú, mo sì gbà pé ìlú tí ó jẹ èrè ṣéènì ní 1962 kò gbọdọ̀ fi ẹrù àtúnṣe lé orí ayálẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n pé ìjọba ṣi bàbá lọ́nà kò sọ ọ̀nà náà di títọ́ fún ọmọ. Bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Nígbà tí àgbà fúnra rẹ̀ bá ti fọ̀nà hàn sódì, igi náà kò ní torí bẹ́ẹ̀ yí ibi tí ó ń wó sí padà.

Ẹ̀sùn kẹta ni pé ilẹ̀ náà ti di ti ayálẹ̀, nítorí náà kí ó ṣe é bí ó bá ti wù ú. Èyí ni mo rò pé ọmọ Yorùbá lè dáhùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1996, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ọsirélíà dá ẹjọ́ àwọn ará Wik, ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá Queensland. Mẹ́rin nínú àwọn adájọ́ méje sọ pé ìwé ìyálò fún ìjẹko kì í fi dandan gba ilẹ̀ tán lọ́wọ́ àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ kí ìwé tó dé, pé ẹ̀tọ́ méjèèjì lè gbé pọ̀ lórí ilẹ̀ kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi tí wọ́n bá ti forí gbárí, ti ẹlẹ́ran ni yóò borí. Ẹjọ́ Mabo ti ọdún 1992 ni ó la ọ̀nà fún ìdájọ́ náà. Nínú ẹjọ́ Mabo yìí ni àwọn adájọ́ sì ti fi ẹjọ́ kan tí ó ti Èkó wá ṣe ẹ̀rí, ẹjọ́ Àmọ̀dú Tìjání, Olóyè Olúwa, ọmọ ìdílé onílẹ̀, tí ó bá ìjọba òyìnbó rojọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá títí ó fi dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì borí ní ọdún 1921. N kò sọ pé ẹjọ́ wọ̀nyí dá lórí igi. Ẹ̀tọ́ ènìyàn ni wọ́n dá lé. Ohun tí mo ń sọ ni pé òye tí ó wà nínú wọn kì í ṣe àjèjì sí wa: ẹni tí a fún ní koríko, koríko ni a fún un.

Àwọn bàbá wa kò nílò ilé ẹjọ́ láti mọ èyí. Bàbá mi dá oko lórí ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ní Òkè Ògùn, mo sì rántí ọjọ́ tí onílẹ̀ mú un yí ilẹ̀ náà ká kí ó tó kọ ebè kan ṣoṣo. Ó fi ọ̀pẹ hàn án, ó fi igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú hàn án, ó fi igi òrí hàn án, ó ní, “Ìwọ gbin iṣu rẹ àti ọkà rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí bá mi níhìn-ín ni.” Bàbá mi ro ilẹ̀ náà dáadáa. Ó gé ohun tí ó yẹ ní gígé, ó sun ún, ó sì jẹun níbẹ̀ fún ogún ọdún, láìjẹ́ pé àáké rẹ̀ kan igi òrí kan. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀lẹ, kò sì sí ẹni tí ó rò pé onílẹ̀ ń fi ebi pa á nítorí ewé. Ìdí tí ilẹ̀ náà fi ṣì ń so iṣu nígbà tí ó fi í sílẹ̀ kò ṣẹ̀yìn àwọn igi náà.

Bí mo bá wá ní kí a fi òòyà ya irun ilẹ̀ ìjẹko, kí ni mo ní lọ́kàn? Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Queensland, ní agbègbè Charleville àti Cunnamulla, igi mulga wà tí ewé rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún màlúù àti àgùntàn nígbà ọ̀dá. Òfin gba ẹlẹ́ran láyè kí ó gé e fún wọn, ó sì ní kí ó fi èyí tí ó tó sílẹ̀. Ẹlẹ́ran tí ó gbọ́n a máa wó o ní ìlà kan, a fi ìlà kejì sílẹ̀, kí ọ̀dá tí ń bọ̀ lè bá nǹkan níbẹ̀. Irú iṣẹ́ tí àwọn Fúlàní wa ń ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n bá gun igi apá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ mọ níwọ̀n, igi náà a rúwé lẹ́yìn òjò. Mo ní lọ́kàn pé kí a mọ igi àjèjì, kí a sì bá a jà láìsimi. Mo ní lọ́kàn pé kí èhù tí ó hù lórí ilẹ̀ tí a ti ro láti ìgbà bàbá di ohun tí ayálẹ̀ lè dín kù láìbẹ̀rù ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kí ó fi èyí tí ó wà ní etí odò àti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sílẹ̀ kí ó dàgbà, kí ẹran rẹ̀ sì rí ibòji nígbà tí oòrùn bá kanrí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí, iṣẹ́ ojú sì ni pẹ̀lú. Ó le ju kí a so ṣéènì mọ́ katapílà méjì lọ, owó rẹ̀ sì yẹ kí ó jáde láti inú àpò gbogbo ìlú.

Ẹranko kan wà nínú ìtàn yìí tí mi ò lè gbàgbé. Irú kangarú kékeré kan ni, ó ní ìlà funfun lára bí ẹni pé a fi ìjánu sí i, èékánná kékeré kan sì wà ní ṣóńṣó ìrù rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1937 ni àwọn onímọ̀ ti gbà pé ó ti pa rẹ́ kúrò láyé. Ní ọdún 1973, ọkùnrin kan tí ń fi wáyà ṣe ọgbà fún àwọn ẹlẹ́ran nítòsí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Dingo ka ìwé ìròyìn kan, ó rí ọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹranko tí ó ti pa rẹ́ níbẹ̀, ó sì wí pé òun ń rí ọ̀kan nínú wọn níbi iṣẹ́ òun. Òótọ́ ni ó sọ. Ìjọba ra ilẹ̀ náà, ó sì sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní Taunton. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tọpa ìgbé ayé ẹranko yìí, wọ́n rí i pé abẹ́ èhù brigalow tí ó há mọ́ra ni ó máa ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, a jáde sí etí igbó lọ jẹ koríko ní gbangba. Kò lè gbé inú igbó nìkan, kò sì lè gbé orí pápá nìkan.

Mo mọ̀ pé wọn yóò yá ilẹ̀ fún ẹran ní Òkè Ògùn, ní Ìbàràpá, ní àwọn ibòmíràn, n kò sì lòdì sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ta sílẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọn yóò fi yá a kò tíì gbẹ tán lórí tábìlì, ẹni tí ó bá wà nítòsí tábìlì náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kí a kọ orúkọ àwọn igi sínú rẹ̀: òrí, igbá, àyin, apá, àti gbogbo èyí tí àwọn arúgbó ìlú náà bá dárúkọ. Kí a kọ bí etí odò yóò ti jìnnà sí ibi tí katapílà yóò dé. Kí a kọ pé ayálẹ̀ tí ó bá dá wọn sí yóò san owó ilẹ̀ tí ó kéré sí ti ẹni tí ó gé wọn, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe rere ni yóò máa sanwó ìtanràn. Lẹ́yìn náà, kí onílẹ̀ àti ayálẹ̀ jọ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà yí ká ní òwúrọ̀, kí wọ́n fi màrìwò so ààlè mọ́ igi kọ̀ọ̀kan tí yóò dúró, kí awakọ̀ katapílà sì bá wọn rìn.